Àmì Tí Mo Fi Sórí Wai-Fai Ilé Wa

Àfọwọ́fà ni wàhálà ọjọ́ náà, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi fà á. Iṣẹ́ mi ni kíkọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òkè-Oyi. Bí mo bá rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò ní àmì lára ògiri tàbí lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ara á máa yún mi bíi pé ẹni tó kọ ọ́ bú mi.

Èmi àti ìyá mi nìkan la jọ ń gbé ní Adéwọlé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ̀ ṣubú níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Mo gbé kámẹ́rà kọ́ ògiri yàrá wọn, kí n lè máa wò wọ́n lórí fóònù láti ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ Wai-Fai wa, mẹ́ta tí wọ́n ń na nẹ́tíwọ́ọ̀kì síra wọn láti pálọ̀ títí dé yàrá Ìyá, ti gbó. Àwòrán á kàn dúró gbagidi. Ẹsẹ̀ Ìyá á wà lókè, kò ní padà délẹ̀, èmi á sì máa bẹ fóònù nínú ọ́fíìsì àwọn olùkọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀."

Ìdí nìyẹn tí mo fi ra àwọn ẹ̀rọ tuntun. Ìwé tó wà nínú páálí wọn sọ pé kí n fún wọn ní orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tí àwọn ti tẹ́lẹ̀ ń lò, gbogbo ohun tó ń lo Wai-Fai nínú ilé yóò sì wọlé fúnra rẹ̀. "Ile Ayo" ni orúkọ tí ẹni tó bá wa ṣe ti àkọ́kọ́ fún un. Ó ti pẹ́ tí orúkọ yẹn ti ń bí mi nínú. Ta ni yóò mọ̀ bóyá ilé ayọ̀ ni, tàbí ilé tí wọ́n ti ń ta ayò? Mo bá kọ ọ́ bó ṣe yẹ kí ọmọ Yorùbá kọ ọ́, "Ilé Ayọ̀", pẹ̀lú àmì orí àti àmì abẹ́. Inú mi dùn gan-an. Fóònù mi béèrè páswọ́ọ̀dù, mo tẹ̀ ẹ́ láì fura. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo yọ àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kúrò lára iná, mo sì gba ibi iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, mo ṣí fóònù. Kámẹ́rà dúdú. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí lórí Wai-Fai. Mo pa á, mo tún ṣí i. Mo pe Ìyá. Fóònù wọn dún títí ó fi gé. Mo pè lẹ́ẹ̀kejì, mo pè lẹ́ẹ̀kẹta. Mo ní bóyá iná ló lọ, ṣùgbọ́n iná tó lọ kò ní kí wọ́n má gbé fóònù. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa, mo sì wọ bọ́ọ̀sì.

Inú bọ́ọ̀sì yẹn ni ó ti yé mi. Lójú tèmi, "Ile Ayo" àti "Ilé Ayọ̀" jẹ́ orúkọ kan náà. Lójú kámẹ́rà, ilé méjì ni, èmi sì ti pa iná èyí tó mọ̀. Ó yẹ kí ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti mọ ìdí tí kámẹ́rà fi kú. N kò mọ ìdí tí Ìyá kò fi gbé fóònù. Nígbà tí mo wọ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Adéwọlé, mo ní kí ẹni tó ń wà á sáré díẹ̀ sí i.

"Àǹtí, ṣé kí n fò ni? A ó débẹ̀, inṣáláhù."

Mo bínú sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣẹ̀ mí.

Mo ti ilẹ̀kùn yàrá láìkàn án. Ìyá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ìró nìkan ló wà lára wọn, irun wọn wà ní títú, wọ́n ń fi òrí para. Dípò kí n dúpẹ́, ariwo ni mo pa.

"Ìyá! Ẹ ò gbé fóònù!"

"Òrí wà lọ́wọ́ mi. Kí ló dé tóo ń mí hẹlẹhẹlẹ?"

"Kámẹ́rà ló kú. Mo rò pé ẹ ti ṣubú."

"Mo mọ̀ pó kú. Iná kékeré ara ẹ̀ ò tàn látàárọ̀. Mo ní alihamudulilahi, ológbò ò sí nílé, ilé dilé èkúté. Mo tú irun, mo tú aṣọ, mo para dé ẹ̀yìn." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà." Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró. "Ṣùgbọ́n látìgbà tóo ti gbé ojú yẹn kọ́ ògiri, o ò wọlé bá mi jókòó mọ́. Ẹnu ọ̀nà lo ti ń kí mi. Wá jókòó."

Òótọ́ ni. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo ti mọ̀ pé wọ́n ti jẹun, mo ti mọ̀ pé wọ́n ti sùn, mo ti mọ̀ pé wọ́n ti kírun. Mo wo apá ọ̀tún, mo wo apá òsì, mo ń wá àga tí mo máa ń jókòó lé nínú yàrá náà. Ó ṣe díẹ̀ kí n tó rántí pé èmi ni mo gbé e jáde, nítorí pé ó ń dí kámẹ́rà lójú.