Òkúta Òfì Mi Lójú Irin

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, ẹnì kan ò sọ ọ́ fún mi. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn epo dúdú lára irin gbígbóná, mo máa ń yà kúrò lójú ọ̀nà.

Láyé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ná náírà ni. Mo kúrò n'Ísẹ́yìn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní abúlé kan lọ́nà Ọ̀fà, níbi tí rélùwéè ń gbà kọjá. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń ṣègbéyàwó, èmi ni wọ́n ní kí n hun aṣọ ìyàwó. Ta ni wọn ì bá tún pè? Ìwé kejì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n nídìí òfì, kò sẹ́ni tọ́wọ́ rẹ̀ yá tó tèmi láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí.

Ẹ̀bá ojú irin nìkan ni ilẹ̀ ti tẹ́jú. Mo gbé òfì kalẹ̀ lápá kan, mo ta òwú kọjá lórí irin, mo so ìdí rẹ̀ mọ́ pákó tí mo gbé òkúta ńlá lé ní òdìkejì. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: bí a ṣe ń hun ún ni òkúta ń wọ́ bọ̀. Nílé wa, kò sẹ́ni tí í já òwú olówùú; ẹni tó gun alùpùpù pàápàá á sọ̀ kalẹ̀, á gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Mo rò pé awakọ̀ rélùwéè náà lójú.

Bàbá kan tó ń ṣọ́ ojú irin sáré dé. "Ìwọ ará Òkè-Ògùn, ṣé orí ẹ pé? Ọkọ̀ ayára ń bọ̀, kì í dúró níbí!"

"Ẹ ní kó ní sùúrù díẹ̀, Bàbá. Mo ti fẹ́ẹ̀ parí."

"Sùúrù? Bó bá tẹ bíréèkì níbí, ẹ̀yìn odò lọ́hùn-ún ló máa dúró! Òkúta ẹ yẹn ńkọ́?"

Mo wojú ọ̀nà. Ọwọ́ mi ti yá jù: òkúta ti gun irin, ó jókòó síbẹ̀ bí ọba. Irin sì ti ń kọrin lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Bàbá ti òkúta, kò lọ; òwú dì í mú. Mo fa abẹ yọ. Òwú ìyàwó! Mo gé e. Àwa méjèèjì dìmọ́ òkúta, a yí i dànù, a sì ṣubú tẹ̀ lé e sínú koríko. Ọkọ̀ náà kọjá, ilẹ̀ mì tìtì. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé. Obìnrin kan tiẹ̀ juwọ́ sí mi.

Bàbá gbọn koríko nù lórí. "Ọwọ́ ẹ yá lóòótọ́. Tọkọ̀ ló yá jù ú lọ."

Mo ti fọ́nnu káàkiri pé mo gba odidi rélùwéè là. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo gbé òkúta síbẹ̀. Ohun tó ń sá irú eré yẹn kò lè yà fúnni. Àwa tí a wà nílẹ̀ la ó yà fún un.

Ohun tó ṣòfò nìyí: òwú aṣọ ìyàwó, pákó kan, bàtà mi ẹsẹ̀ òsì. Ìyàwó fi aṣọ ìyá rẹ̀ ṣègbéyàwó. Ní ti èèyàn, ẹyọ ẹnì kan ò ṣòfò.