Obìnrin Tí Kò Mọ Ọkọ Rẹ̀ Mọ́

Kóòtù kan ní Òmù-Àrán ló ránṣẹ́ sí mi ní Ìlọrin pé kí n wá yẹ obìnrin kan wò. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Bí adájọ́ bá ń ṣiyèméjì bóyá orí ẹni tó ń jẹ́jọ́ pé, èmi ni mo máa ń jókòó tì í, tí mo máa ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, tí mo sì máa ń sọ fún adájọ́ ohun tí mo rí, àti bóyá ewu wà bí wọ́n bá dá a sílẹ̀. N kì í fún ẹnikẹ́ni lóògùn, síbẹ̀ dókítà ni gbogbo wọn ń pè mí. Ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé.

Àgbẹ̀ ni obìnrin náà ní Rore. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn. Níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń wa iṣu lọ́jọ́ kan, ó ṣá ọkùnrin náà ládàá léjìká. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tó wà lóko ẹ̀gbẹ́ wọn. Obìnrin náà kò sá. Ìdí ebè ló jókòó sí títí ọlọ́pàá fi dé.

Nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mo ti rí i. Èsìẹ́ ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà ẹnu Ìgbómìnà wa ni mo fi kí i, ojú rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n tètè kìlọ̀ fún un, kó má baà rò pé ọmọ ilé ló wá kí òun. Mo ní adájọ́ ló rán mi, n kò lè fi ohun tó bá sọ pamọ́. Mo ní kó tún un sọ kí n mọ̀ pé ó yé e.

"Ẹ ó lọ sọ fún adájọ́," ló wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún un."

"Kí ló yẹ kí wọ́n sọ fún un?"

"Pé ẹni yẹn kọ́ ni ọkọ mi. Ó gbé ojú ọkọ mi wọ̀ ni. Ohùn rẹ̀ ni, aṣọ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. N kò mọ ibi tó gbé ọkọ mi sí."

"Bí wọ́n bá dá yín padà sílé ńkọ́, mà?"

"Màá bi í léèrè. Bí kò bá sọ, màá tún ṣá a."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀.

Ọkọ rẹ̀ ń dúró dè mí lẹ́nu géètì, báńdéèjì lára. Ó máa ń gbé oúnjẹ wá fún un. Wọ́dà á gbà á, á sì purọ́ fún obìnrin náà pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé e wá, kó lè jẹ ẹ́.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ pé ara rẹ̀ ti yá. Èmi ló ṣá, èmi náà sì ti dárí jì í. Ta ló tún kù tó ń bínú?"

"Bàbá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbínú. Bó bá délé, ó máa tún gbìyànjú."

"Màá kó gbogbo àdá kúrò nílé."

"Ọ̀bẹ ńkọ́, sà? Ọmọ odó ńkọ́?"

Ó yíjú kúrò, ó gbé oúnjẹ náà fún wọ́dà.

Mo wá àwọn ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ lọ. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé wọ́n pààrọ̀ ọkọ òun. Wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà ni, wọ́n sì ń bá a rẹ́rìn-ín.

Ní kóòtù, lọ́yà ìjọba bi mí bóyá ó ń díbọ́n. Mo ní rárá. Adájọ́ bi mí bóyá ó léwu. Mo ní ó léwu fún ọkọ rẹ̀, àfi bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀. Wọ́n dá ẹjọ́ dúró, wọ́n sì ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú. Ọkọ rẹ̀ kọjá lára mi láìkí mi.

Oògùn tí wọ́n fún un níbẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí kóòtù tún rán mi sí i lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ti sanra. Mo bi í pé ta ni ọkùnrin tó ṣá lóko.

"Ọkọ mi ni."

Ó sunkún títí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Nígbà tí n kò mọ̀ ọ́n, mò ń rí oorun sùn. Kí lẹ wá là mí lójú sí?"

Mo jókòó tì í títí ó fi dákẹ́.

Mo sọ fún adájọ́ pé ewu náà ti dín kù gan-an, kò tán, kò sì gbọdọ̀ ṣíwọ́ lílo oògùn náà. Wọ́n dá a sílẹ̀ kí àwọn ẹbí rẹ̀ máa mójú tó o. Lọ́jọ́ tó yẹ kí ọkọ rẹ̀ mú un lọ, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Dókítà, mo mọ̀ pé ó ti yá. Ara mi ni kò gbà. Bó bá dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí..." Ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ tí àdá bà.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin náà ló mú un lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo. Mo yà kí i nígbà kan tí mò ń lọ sílé ní Èsìẹ́. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jókòó sí tó ń bó ẹ̀gúsí. Mo bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ń wá.

"Ó ń wá lẹ́yìn ìsìn. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ló máa ń jókòó sí. Kì í wọlé."

Mo bá a bó díẹ̀ nínú ẹ̀gúsí náà, lẹ́yìn náà mo wọ ọkọ̀ lọ.