Ọwọ́ Òsì Lẹ́yìn: Bí Mo Ṣe Kọ́ Iná ní Bàrígà

Ẹ sún mọ́ ibí. Ẹni tó bá wà lóòró, kó wá nǹkan fìdí lé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí à ń fi ìdúró gbọ́. Ẹ má wo ti iná tó ń ṣẹ́jú lókè yìí. Bó bá kú, èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ni n ó jí i. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n jí náà ni ìtàn mi.

Nígbà náà, àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba lé alágbádá lọ́wọ́ ni. Gbogbo ènìyàn ní Ṣómólú ló ń sọ pé iná yóò wá dúró báyìí. Ọkọ mi náà sọ bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ ra gílóòbù tuntun sí pálọ̀ wa. Kò pẹ́ sí i ni àìsàn gbé e dálẹ̀, kò sì dìde mọ́. Àwọn ọmọ wa ti tàn ká. Ọ̀kan wà lókè Ọya, èkejì ti sọdá òkun. Wọ́n wá sin baba wọn, wọ́n ṣe ohun tó yẹ, wọ́n padà. Ó wá ku èmi nìkan nínú yàrá kan àti pálọ̀ kan, lókè pẹtẹ́ẹ̀sì, nínú ilé elérò kan lọ́nà tó já sí Ọbáníkòró.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, kọ́rídọ̀ gbọọrọ wà láàárín. Bí wọ́n bá mú iná dé, gbogbo ilé á hó yèè, tọmọdé tàgbà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wọ́n mú un dé, ilé hó, èmi náà pàtẹ́wọ́. Tèmi kò tàn. Mo tẹ súwíìṣì sókè, mo tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo jáde, mo rí i tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ gbogbo ilẹ̀kùn, àfi tèmi. Mo padà wọlé, mo jókòó. Mò ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n wọn lára ògiri, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí n kò rí.

Ọkọ mi ló máa ń tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe. Èmi a di àga mú, òun a gùn ún.

Ọkùnrin tó kọjú sí mi bá mi wo fíùsì. "Màmá, fíùsì yín dára o. Èyí ju agbára tèmi lọ." Oníná tí onílé rán wá wò ó gààràgà, ó ní gbogbo wáyà yàrá náà ló gbọ́dọ̀ jáde. Onílé ní kí n fara balẹ̀. Mo fara balẹ̀, mò ń tan àbẹ́là.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nílé, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó ránṣẹ́ nípasẹ̀ ará ìjọ wa kan: "Ẹ sọ fún un pé obìnrin tí kò rí ẹni tanná fún un, kí ló kù tó ń ṣe l'Ékòó? Bí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, mò ń bọ̀ wá mú un. Kó máa di ẹrù."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún mi. Yàrá kan wà lẹ́yìnkùlé ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n máa ń fi àwọn opó ìdílé wa sí. Ibẹ̀ ni àbúrò ìyá mi kú sí. Wọ́n á máa gbé oúnjẹ wá fún ọ, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ kọjá lórí rẹ bí ẹni pé o kò sí níbẹ̀. Ní Ṣómólú, bí mo tilẹ̀ wà lókùnkùn, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ mi wà. N kò fẹ́ lọ.

Mo wá rántí bàbá àgbàlagbà kan tó ń tún rédíò ṣe ní Bàrígà, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi téèyàn ti ń rí ọ̀sà. Ọkọ mi mọ̀ ọ́n. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún rédíò tẹ́nikẹ́ni kò wá gbà mọ́, òun nìkan ló jókòó láàárín wọn. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ti wá nǹkan mìíràn lọ. Obìnrin kan tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló kọ́kọ́ kí mi.

"Ẹ káàsán o, Màmá. Bó bá jẹ́ Bàbá lẹ̀ ń wá, ẹ pariwo o. Etí wọn ti gbó bíi rédíò wọn."

"Etí mi gbọ́ ìyẹn," bàbá náà fọhùn láti inú ilé. "Ẹja rẹ ń jóná."

Mo ro ẹjọ́ mi. Ó na ẹsẹ̀ kan jáde, ẹsẹ̀ náà wú bí iṣu. "Ìyá, ẹsẹ̀ yìí ò lè gun pẹtẹ́ẹ̀sì mọ́. Ṣùgbọ́n tiyín ń rìn, ọwọ́ yín ò sì gbọ̀n. Ẹ jókòó kí n kọ́ yín."

"Kẹ́ ẹ kọ́ mi ní kí ni?"

"Iná."

Ẹlẹ́ja bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ọmọṣẹ́ tuntun dé! Màmá, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gba fúrídọ́ọ̀mù, èmi ni n ó din ẹja o!"

Bátìrì kan, gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kan àti wáyà wẹ́wẹ́ ló gbé síwájú mi. "Orí bátìrì rèé, ìdí rẹ̀ rèé. Ẹ jẹ́ kó tàn." Mo fi wáyà so orí bátìrì mọ́ gílóòbù. Kò tàn. Mo fún un mọ́lẹ̀ dáadáa. Kò tàn. "Ẹ rán an níṣẹ́," bàbá wí, "ẹ ò ṣí ọ̀nà tó máa gbà padà wálé fún un. Iná kì í lọ síbi tí kò bá ní rọ́nà bọ̀." Mo wá so wáyà kejì láti ara gílóòbù padà sí ìdí bátìrì. Ó tàn, pupa rúsúrúsú. Mo tẹjú mọ́ ọn. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti gbọ́ràn sí mi lẹ́nu bẹ́ẹ̀.

Bí oòrùn bá ti rọ̀, n ó lọ. Ó kọ́ mi pé gílóòbù tí a tò tẹ̀lé ara wọn lójú wáyà kan dà bí àwọn tó ń gba orí pákó kan ṣoṣo kọjá omi: bí pákó bá ṣẹ́ lábẹ́ ẹnì kan, kò sẹ́ni tó máa dé òdìkejì. Èyí tí a bá fún ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ dà bí yàrá inú ilé wa: ti ẹnì kan lè kú, kí tàwọn yòókù máa tàn lọ. Èyí kò ṣòroó yé mi. Mo ti ń gbé inú rẹ̀ kó tó kọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni kò tètè yé mi. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, bí àgbà bá na nǹkan sí ọ, wàá kúnlẹ̀, wàá fọwọ́ méjèèjì gbà á. Ẹni tó bá fọwọ́ kan gbà á, wọ́n á béèrè ìyá tó bí i. Lọ́jọ́ kan bàbá ki wáyà kan bọ ara ògiri, iná ilé gan-an, kì í ṣe ti bátìrì. Ẹnu wáyà náà méjèèjì wà níhòòhò. Ó di ibi tó ní rọ́bà mú, ó nà án sí mi, ó rò pé n ó fọwọ́ kan di rọ́bà mú bí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ méjèèjì gbà á, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sì kan ẹnu wáyà kan.

Apá mi fò, àyà mi dún gbì, mo bá ara mi ní ìjókòó láàárín àwọn rédíò. Iná kò lágbára lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òun ló kó mi yọ.

"Yéè!" ẹlẹ́ja figbe ta. "Bàbá ti pa opó olópó!"

Bàbá ti fa wáyà yọ. "Ta ló ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀ fún wáyà?"

"Ẹ̀yin ni mo kúnlẹ̀ fún."

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi mọ́! Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ méjì dì í mú, àyà yín lẹ fi ṣe ọ̀nà fún un. Ó gba apá kan wọlé, ó gba apá kejì jáde, ọkàn wà láàárín. Iná ò mọ ọmọlúàbí. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan. Tòsì, ẹ gbé e sẹ́yìn."

"Bí ẹni tó ń gbéra ga?"

"Ẹ gbéra ga. Kí wọ́n bú yín, kẹ́ ẹ wà láyé."

Ó pẹ́ kí ara mi tó gbà á. Ìgbà tó sì wá gbà á tán, mo fọwọ́ kan gba ife omi lọ́wọ́ ìyàwó pásítọ̀ wa, mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà.

Ọyẹ́ ti ń lọ nígbà tí ààyè yọ. Ọ̀sán ni, iná wà, gbogbo ayálégbé ti jáde lọ síbi iṣẹ́. Mo wọ sálúbàtà rọ́bà, mo gun àga. Kò sẹ́ni tó di í mú. Mo yọ gílóòbù, mo fi tẹ́sítà tí bàbá yá mi, èyí tó ń fi hàn bí iná bá wà, kan ẹnu ibi tí à ń ki gílóòbù sí, iná kékeré inú rẹ̀ tàn. Mo ki gílóòbù padà. Òun kò tàn. Mo dúró lórí àga, ọwọ́ òsì mi lẹ́yìn, mò ń rò ó. Bí iná bá dé ibẹ̀ tí kò sì ṣiṣẹ́, ọ̀nà àbọ̀ ló já.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo pa súwíìṣì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, mo fi tẹ́sítà wò ó bóyá ó kú lóòótọ́, mo wá tú àpótí fíùsì tó wà lókè ilẹ̀kùn mi. Wáyà tó ń padà ti jó já níbi tí wọ́n dè é sí. Mo fi ọ̀bẹ ha ẹnu rẹ̀ títí ó fi ń dán, mo lọ́ ọ, mo dè é pinpin. Mo lọ tẹ súwíìṣì ńlá.

Pálọ̀ mi mọ́. Mo la ẹnu láti hó bí a ṣe máa ń hó. Kò sẹ́nì kankan nínú ilé. Mo pa ẹnu dé, mo jókòó sábẹ́ gílóòbù lọ́sàn-án gangan títí wọ́n fi mú iná lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀kalẹ̀ ní Fádèyí lọ́jọ́ Sátidé kan, ó mú àpò ńlá tó fẹ́ fi kó ẹrù mi dání. Iná wà nígbà tó wọlé. Ó wòkè.

"Ta ló tún un ṣe?"

"Èmi ni, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Ìwọ ta?"

Mo pa súwíìṣì ńlá, mo tú àpótí, mo fi wáyà tó ń lọ hàn án, mo fi èyí tó ń bọ̀ hàn án. Bó ṣe fẹ́ fọwọ́ méjèèjì kàn án, mo gbá a lọ́wọ́, èmi àbúrò rẹ̀. "Ẹ gbé ọ̀kan sẹ́yìn." Ó gbé e sẹ́yìn, ó ń wò mí bí àlejò.

Ó jẹun, ó sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ká àpò rẹ̀ ní òfìfo. Nídìí ọkọ̀ ló tó sọ ọ́: "Mo ti rò pé wàá bá mi lọ ni." Ìyàwó rẹ̀ ti kú ṣáájú ọkọ mi. Kò wá sí mi lọ́kàn rí, àfi níbẹ̀, pé ó lè jẹ́ òun gan-an ló ń wá ẹni tí yóò máa bá òun jókòó. Ọkọ̀ ti gbéra. Mo rìn padà sí Ṣómólú. Gbogbo kọ́rídọ̀ ló mọ́lẹ̀, tèmi náà sì mọ́, mo ti ilẹ̀kùn.

Nígbà òjò, bàbá onírédíò kú. Ọmọ rẹ̀ kan wá láti Ìbàdàn, ó kó àwọn irinṣẹ́. Ẹlẹ́ja gba tábìlì, ó ń sá ẹja lórí rẹ̀. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù gbà á padà, ó fún àwọn tó ń ta káàdì fóònù. Àwọn rédíò tí wọn kò wá gbà, àwọn obìnrin àdúgbò tú ikùn wọn dànù, wọ́n fi pákó wọn ṣe ilé adìyẹ. Kò sẹ́ni tó rántí mi, n kò sì béèrè. Àwọn tó ṣì ń wá bàbá wá ni ó kù. Ẹlẹ́ja a ní kí wọ́n máa lọ sí Ṣómólú, kí wọ́n béèrè Ìyá Oníná. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn mi, n ó bá wọn lọ, n ó tún un ṣe, ilé wọn á hó, n ó sì máa bọ̀. Àwọn ni mo jogún.