Àdúrà tí Bísí gbà fún wa lórí òkè Colorado

Ọmọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lónìí, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn débi pé mi ò lè jókòó!

Láàárọ̀ ni Bísí, àkọ́bí mi, tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé òun ń gun òkè gíga kan ní Colorado. Òun nìkan! Mo páàkì mọ́tò sílé epo kan ní Stafford níbi tí mò ń gbé, inú ń bí mi pé òun nìkan ló lọ.

Àfi bó ṣe pè mí lórí fídíò. Yìnyín ló wà lẹ́yìn ẹ̀, nínú ooru yìí!

"Daddy, I made it! Mo ti dé téńté!"

Ìbínú mi bá pòórá. "Má tíì sọ̀ kalẹ̀ o! Bọ́ bàtà ẹ. Orí òkè lo wà yẹn! Gbàdúrà kí àbúrò ẹ ríṣẹ́."

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, òjò ti ṣú, àrá máa ń pa èèyàn níbí!"

"Yéè! Wọ bàtà ẹ padà! Máa gbà á bó o ṣe ń sọ̀ kalẹ̀!"

Ó sì gbà á lóòótọ́. Mo ṣe àmín títí ẹni tó ń ra epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi bá mi ṣe é.

Ó ti dé ìdí mọ́tò ẹ̀ báyìí, láyọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ṣé kí n bá a wí ni, àbí kí n ní kó tún padà gùn ún? Mo gbàgbé àdúrà ọkọ.