Ẹ̀rọ Pupuru Tí Mo Pè Ní Tèmi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ohun tójú mi rí n'Erinje, kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu Fẹlí!

Fẹlí ni ìyàwó kejì tí olóògbé ọkọ mi fẹ́ lé mi. Òun ni ìyá ọkọ wa fẹ́ràn. Ìyá náà ní tíṣà bíi tèmi kò mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe pupuru, kò sì jẹ́ kí n wọ ilé ìdáná òun títí ó fi kú. Ṣé mo ti gbàgbé? Rárá o!

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ la fi ń yí pupuru roboto lórí iná kí èéfín lè mú un yíká, iná a sì máa jó wa. Mo ní kí wẹ́dà fi wáyà so rímù kẹ̀kẹ́ méjì pọ̀ bí àgò tí pupuru lè wọ inú rẹ̀, kó fi ọwọ́ irin sí i. Ẹ yí ọwọ́ irin náà, gbogbo pupuru yí!

Ni wọ́n bá sọ fún mi pé irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Fẹlí. Mo dìde nípàdé àwọn ìyàwó ilé, mo pè é lólè. Àwọn àgbà ibẹ̀ ń wo ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé Fẹlí ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín!

Mo gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ l'Okitipupa, kó bá mi gba pátẹ́ǹtì, ìwé tí ìjọba fi ń fún ẹni tó ṣe ohun tuntun láṣẹ pé òun nìkan ni kó máa ṣe é tà. Mo fẹ́ kí Fẹlí tú tirẹ̀ palẹ̀ níṣojú mi.

Lọ́yà ní ká kọ́kọ́ lọ wo ti Fẹlí. Ilé ìdáná ìyá ọkọ wa ni Fẹlí mú wa wọ̀. Rímù méjì, wáyà, ọwọ́ irin, gbogbo rẹ̀ dúdú fún èéfín. Fẹlí ní ìyá ọkọ wa ló ṣe é kí n tó bí àkọ́bí mi! Gbogbo obìnrin àdúgbò ló ti yan pupuru níbẹ̀ rí, àfi èmi.

Mo lọgun pé mi ò rí i rí, ọpọlọ ara mi ni mo lò. Lọ́yà mi orí.

"Màmá, òfin kò bi yín bóyá ẹ wò ó ṣe. Ó ń bi yín bóyá ẹnikẹ́ni ti ṣe é ní gbangba ṣáájú yín. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe tuntun mọ́."

Fẹlí kúnlẹ̀, ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. "Ìyálé mi, ta wá ni olè báyìí? Èmi ni, àbí òkú?"

Ilẹ̀ kò lanu kí n wọ inú rẹ̀.

N kò fẹ́ràn Fẹlí títí dòní. Síbẹ̀, ìpàdé ń bọ̀, èmi tí mo dìde lọ́jọ́ yẹn ni màá tún dìde láti kó ọ̀rọ̀ olè náà jẹ.

Kí ẹ tó sọ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣe é, ẹ wo ilé àwọn tó ṣáájú yín dáadáa, àgàgà ilé ẹni tí ẹ kórìíra. Ṣé irú èyí ti ṣe ẹnì kan rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín, kí n má dá ìtìjú yìí gbé.