Ìjókòó Lẹ́yìn Abẹ́rẹ́

Ọdún kẹta tí egbò ti ń bá Ṣẹ̀fíátù, ìyàwó Mùkáílà, fínra lẹ́sẹ̀ ni ìjọba òyìnbó kọ́ ilé ìwòsàn kékeré kan sí ẹ̀yìn ìlú Ìwó. Ọkùnrin Ẹ̀gbá kan tó ń jẹ́ Matthew ni wọ́n fi síbẹ̀. Kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n dókítà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló máa ń gún àwọn elégbò lábẹ́rẹ́.

Tó bá gún wọn tán, kì í jẹ́ kí wọ́n lọ. Ìjókòó gígùn kan wà níta, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń wà títí yóò fi yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ara ẹlòmíì máa ń kọ oògùn yìí," ni Matthew máa ń wí. "Bí ara bá ń yún yín, bí ètè yín bá wú, bí ọ̀fun bá ń fún yín, ẹ tètè pè mí. Bó bá sì jẹ́ pé ilé ló ti ṣe yín, ẹ sọ ọ́ kí n tó tún gún yín."

Nígbà tí Ṣẹ̀fíátù gba abẹ́rẹ́ mẹ́fà, egbò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gba Ilé-Ogbó lọ, ó lọ mú àbúrò rẹ̀ Fàtímọ̀ wá, tí egbò ti sọ di ẹni tí ń tiro. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń ba Fàtímọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rọ̀ ọ́ títí tó fi gbà.

Ọjọ́ tó gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọn ò tíì délé tó ti ń họra.

"Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ara ló ń yún mi. Ètè mi sì wúwo."

"Ó máa lọ," Ṣẹ̀fíátù dá a lóhùn. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ó lọ lóòótọ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Fàtímọ̀ bi í bóyá kí òun sọ fún dókítà. Ọkàn Ṣẹ̀fíátù lọ sọ́dọ̀ Oyèníkẹ́, aládùúgbò rẹ̀, tí Matthew dá abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró nítorí irú èyí. Ẹsẹ̀ Oyèníkẹ́ ti ń rùn báyìí.

"Má sọ. Bó o bá sọ, kò ní gún ọ mọ́."

Nígbà tí Matthew bèèrè bóyá nǹkan kan ṣe Fàtímọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, Fàtímọ̀ wojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan," Ṣẹ̀fíátù bá a dáhùn.

Bó ṣe gba abẹ́rẹ́ tán ni òjò ṣú. Ọmọ tí Fàtímọ̀ ń fún lọ́mú wà nílé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, ọ̀nà Ilé-Ogbó sì jìn. Matthew ṣì ń gún àwọn yòókù nínú ilé nígbà tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò yọ́ dìde, tí wọ́n lọ.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Fàtímọ̀ fi dúró. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó di ọrùn mú, ó ní, "Ọ̀fun mi," kò sì sọ òmíràn mọ́. Ṣẹ̀fíátù gbé e pọ̀n, ó ń sáré padà nínú òjò. Ó ń gbọ́ bí èémí Fàtímọ̀ ṣe ń há lẹ́bàá etí òun, títí kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Matthew sáré jáde, ó gún un lábẹ́rẹ́ mìíràn, ó fi etí lé e láyà. Ó pẹ́ kó tó gbé orí sókè.

"Oògùn tó ń dá irú èyí dúró nìyí," ó ní, ìgò kékeré náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ ì bá jókòó. Ṣé ara ti yún un rí?"

"Ó ti yún un. Èmi ni mo ní kó má sọ."

Matthew ò bá a wí. Ì bá sàn fún Ṣẹ̀fíátù ká ní ó bá a wí.

Wọ́n sin Fàtímọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ṣẹ̀fíátù ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún Ṣàfíù, ọkọ olóògbé. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ọlọ́run rí gbogbo wa." Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí Ṣẹ̀fíátù fojú kan ọmọ Fàtímọ̀ mọ́.

Egbò Ṣẹ̀fíátù jinná pátápátá. Ó máa ń fi ìró bo ẹsẹ̀ náà, kí òun má baà máa rí i.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ó lọ dúró níwájú àwọn tó jókòó níta, ó ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dìde. Obìnrin méjì wo ojú oòrùn, wọ́n ní iṣẹ́ ń dúró de àwọn lóko, wọ́n dìde, wọ́n ń lọ. Ó pè wọ́n títí. Wọn ò wẹ̀yìn.