Pẹ́ńsùlù Dulcie àti Ẹlẹ́nu-Abẹ́rẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ojú nìkan la fi ń mọ ẹyẹ, ẹ fìdí mọ́lẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Dulcie Harrap fi wa bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé ní Braidwood, ìlú kékeré kan ní Ọsirélíà. Kò ní í wẹ̀yìn, ẹ máa gbọ́ ọ: "Ìwọ tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù yẹn, tu ú dànù!" Kì í ṣì í.

Ìgbà tó fẹ̀yìn tì, ẹyẹ ló gbájú mọ́. Àràárọ̀ Sátidé lòun àtẹgbẹ́ ẹ̀ ń wọgbó lọ ka ẹyẹ, Dulcie ló sì ń mú pẹ́ńsùlù tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ẹyẹ. Ẹni tó mú pẹ́ńsùlù lọ̀gá. Àmọ́ òfin wà o: tó o bá ṣi ẹyẹ pè lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ kan, gbé e sílẹ̀ fẹ́lòmíì.

Ojú Dulcie sì ti ń ṣú. Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, ó ti ṣì í lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó mu tíì. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ewé gbígbẹ ló pè lẹ́yẹ! Nev Gorrie, ọ̀kan nínú wọn, tó gbé kámẹ́rà gígùn bí ìbọn kọ́rùn, ti ń nawọ́ sí pẹ́ńsùlù.

"Màmá Dulcie, ẹ gbé e wá jàre. Ewé ò níyẹ̀ẹ́."

"Orí tìẹ náà ò nírun, ṣé mo sọ̀rọ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àfi fìrrr lẹ́yìn ẹ̀, nínú igi òdòdó pupa! Dulcie ò tiẹ̀ yíjú.

"Ẹlẹ́nu-abẹ́rẹ́," ló wí, ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Irọ́ o!" Nev ti yà á ní fọ́tò. "Oníyẹ̀ẹ́ yẹ́lò nìyẹn. Wọ́n pọ̀ níbí bí eṣinṣin. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé!"

Àyà Dulcie já, àmọ́ ẹnu ẹ̀ ò já. "Wo fọ́tò ẹ dáadáa. Oníyẹ̀ẹ́ yẹ́lò tìẹ nírùngbọ̀n funfun. Tèmi, ẹnu ẹ̀ gùn, ó tẹ̀ wá sísàlẹ̀. Àmì bí ìpẹtà wà lọ́fun ẹ̀, àyà ẹ̀ funfun. Tó bá fò, ìyẹ́ ẹ̀ á pariwo."

Nev fẹ fọ́tò lójú. Ó tún fẹ̀ ẹ́ sí i. Ẹnu gígùn, ó tẹ̀ bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò. Àmì lọ́fun, ó pé.

"Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n láìwẹ̀yìn?"

"Ọmọ márùndínláàádọ́ta ló ń jókòó sẹ́yìn mi lójoojúmọ́, Nev. Ìwọ lò ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù nínú wọn."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa wọ́n! Dulcie wá na pẹ́ńsùlù sí i. Ojú Nev là: ó rò pé òun ti jogún ipò ọ̀gá nìyẹn.

"Gbẹ́ ẹ lẹ́nu fún mi," ni màmá wí, "kó mú bíi tẹyẹ yẹn. Tètè, ẹyẹ ń fò."

Nev yọ ọ̀bẹ.